Ilé Oúnjẹ Tó Gba Gbogbo Ẹbí ní Ọjọ́ Ìgbafẹ́: Bí Ará Òkè-Àfá Ṣe Lè Yàn Án

Nínú ètò tí ẹbí máa ń ṣe kí wọ́n tó kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó máa ń pinnu bóyá ẹ̀rín ni wọn yóò fi wọlé ní alẹ́ tàbí ẹkún, nítorí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọgbà ìgbafẹ́ níhìn-ín ni ilẹ̀ tí wọ́n sọ ọgbà yí ká, tí wọ́n to ẹ̀rọ ìṣeré sí, irú bíi ọkọ̀ ojú irin kékeré, àga tó ń yí po lókè àti ọkọ̀ tí àwọn ọmọ fi ń kọlu ara wọn, tí olùwọlé sì ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn òbí lè fi odidi ọ̀sẹ̀ kan jíròrò lórí owó ìwọlé, aṣọ àti ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀, ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ a di ibi tí wọn yóò yà sí bí wọ́n bá ṣe rí i lójú ọ̀nà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ó yẹ kí ẹbí yan ilé oúnjẹ kí wọ́n tó yan ọgbà, àti pé ikùn ọmọ tó kéré jù àti eyín àgbà tó dàgbà jù nínú ọkọ̀ ni ó yẹ kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe iná tó ń tàn lára pátákó ìpolówó.

Òkè-Àfá wà níbi tí Ìsọlọ̀ ti bá Èjìgbò pààlà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ̀sítéètì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Jákàńdè, tí wọ́n fi orúkọ Lateef Jákàńdè tó jẹ́ gómìnà láti 1979 sí 1983 pè, sì ni ó kó ọ̀pọ̀ ẹbí jọ sí àdúgbò náà. Gbàgede tí àwọn ará ìlú fi mọ Òkè-Àfá kì í ṣe ti eré. Ibi ìrántí àwọn tó kú sínú kànáàlì ibẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002 ni, nígbà tí àwọn ohun ìjà tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè ológun ní Ìkẹjà bú gbàmù, tí àwọn ènìyàn ń sá àsálà nínú òkùnkùn, tí wọn kò sì mọ̀ pé omi ni ó wà lábẹ́ ewéko tó bo ojú kànáàlì náà. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ jìnnà sí àdúgbò yìí, nítorí náà ọkọ̀ ni ẹbí Òkè-Àfá ń wọ̀ lọ ṣeré. Àwọn kan ń gba ibùdókọ̀ Cele bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ti Àpápá. Àwọn mìíràn ń kọjá Ọ̀jọ́tà àti Berger lọ sí Hi-Impact Planet ní agbègbè Ìbafò lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Àwọn tó bá ní ìsinmi ọjọ́ méjì sì lè dé Ìbàdàn fúnra rẹ̀, níbi tí Trans Amusement Park wà ní Bódìjà, tí ọgbà Àgódi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tí omíyalé Ògùnpa ti 1980 sì bà jẹ́, ti padà di ibi ìgbafẹ́ lẹ́yìn tí ìjọba tún un ṣe.

Àwòrán ìpolówó máa ń fi baba, ìyá àti ọmọ méjì hàn bí ẹni pé ibẹ̀ ni ẹbí parí sí, ṣùgbọ́n ẹbí tó ń jáde ní Jákàńdè ní ọjọ́ Sátidé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìyá àgbà tó wá kí wọn láti Ìjẹ̀bú tàbí láti Ọ̀ṣun wà nínú ọkọ̀, ọmọ àbúrò tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn wà níbẹ̀, ọmọ aládùúgbò tí ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà náà kò gbẹ́yìn, ọmọ ọwọ́ sì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà kò fẹ́ bọ́gà, ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè fẹnu kan ata, àwọn ọ̀dọ́ kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ àmàlà ní ọjọ́ ìgbádùn. Ilé oúnjẹ tó gba ẹbí Yorùbá ni ilé tí òkèlè, ìrẹsì tí kò ta àti adìyẹ díndín ti lè wà lórí tábìlì kan ṣoṣo, tí a kò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ kó máa wo ẹnu àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí àwọn òbí ń ṣe nínú yíyàn yìí wá láti inú pé àwọn ọmọ nìkan ni wọ́n fi ṣe ìdí ọ̀rọ̀, wọ́n a wá rí i pé àgbà tí kò rí oúnjẹ jẹ ti ń béèrè ìgbà tí wọn yóò lọ sílé kí aago méjì tó lù.

Irú ilé oúnjẹ tó ń gbìyànjú láti gba gbogbo ènìyàn báyìí ní ìtàn ní Èkó. Ní 1986 ni ilé iṣẹ́ UAC bẹ̀rẹ̀ Mr Bigg's, èyí tó jáde láti ara ibi ìjẹun tí wọ́n ń pè ní Kingsway Rendezvous nínú ilé ìtajà ńlá Kingsway. Òun ni ó sọ ohun tí wọ́n ń pè ní fáàsìfúùdù di ohun tí ará ìlú mọ̀, ìyẹn ilé tí wọ́n ti se oúnjẹ sílẹ̀, tí oníbàárà ń tò síwájú káńtà, tó ń sanwó kí ó tó jẹun. Míìtì páì, dónọ́ọ̀tì àti áìsìkirímù ni àwọn ọmọ ń torí rẹ̀ lọ nígbà náà. Sweet Sensation tẹ̀lé e ní 1994, Tantalizers bẹ̀rẹ̀ ní Festac ní 1997, Chicken Republic dé ní 2004, kí àwọn ti òkè òkun tó wọlé: KFC ní 2009, Domino's ní 2012. Ohun tó ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí fún ẹni tó ń kó ìyá àgbà jáde ni pé àwọn ti abẹ́lé yìí kò dúró sórí míìtì páì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ìrẹsì ọ̀fadà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀bà àti iyán kún ohun tí wọ́n ń tà, nígbà tí adìyẹ àti písà ṣì jẹ́ olórí ohun tí àwọn ti òkè òkun ń tà. Àwọn bùkà, ní tiwọn, mọ òkèlè ju gbogbo wọn lọ, kò sì sí ilé fáàsìfúùdù tó lè bá ọbẹ̀ ewédú àti gbẹ̀gìrì wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ènìyàn rí àga ọmọ ọwọ́, afẹ́fẹ́ tútù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ nínú bùkà tí ìjókòó rẹ̀ kò ju bẹ́ǹṣì lọ. Bí ó bá jẹ́ pé tọkọtaya nìkan ni ó ń jáde, kí wọ́n lọ sí bùkà. Bí ó bá jẹ́ gbogbo ilé ni, fáàsìfúùdù tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀, tó ń ta òkèlè, ni ó ń borí.

Ọ̀nà náà ń kó ipa tirẹ̀. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ sí Ìbafò gbọ́dọ̀ wo kàlẹ́ńdà, nítorí pé alẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìjọ Redeemed máa ń ṣe ìsìn ńlá wọn ní ibùdó wọn lójú ọ̀nà yẹn, Sátidé àkọ́kọ́ sì ni ìjọ Mountain of Fire máa ń ṣe tiwọn ní Prayer City, ogunlọ́gọ̀ ọkọ̀ tó ń lọ tó sì ń bọ̀ a sì mú kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ pọ̀ sí i. Ní ìhà Àpápá, ọkọ̀ akẹ́rù àti táńkà tó ń wọ èbúté ni ìṣòro. Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ìyẹn 27 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, Mọ́ńdè Àjíǹde àti ọjọ́ Iléyá ni èrò máa ń pọ̀ jù nínú ọgbà, tí ìlà níwájú káńtà oúnjẹ sì lè gùn ju èyí tó wà níwájú ẹ̀rọ ìṣeré lọ. Nítorí èyí, ó dára kí orúkọ ilé oúnjẹ mẹ́ta wà lórí ìwé, bí owó ọwọ́ tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò rà: ọ̀kan tó sún mọ́ ilé, ọ̀kan nínú ọgbà tàbí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, àti ọ̀kan ní àárín ọ̀nà àbọ̀ tí ẹbí lè sá sí bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí ọkọ̀ kò sì rìn.

Ara fúnra rẹ̀ ní òfin lórí ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n jẹun. Omi kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tí ọpọlọ fi ń mọ bí ara ṣe dúró. Àwọn ẹ̀rọ tó ń yí ènìyàn ká máa ń da omi yìí rú, bí ojú àti etí bá sì ń sọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọpọlọ, òòyì àti èébì ni yóò tẹ̀lé e, pàápàá nígbà tí ikùn bá kún fún oúnjẹ ọlọ́ràá. Ohun tó bójú mu ni kí àwọn ọmọ mu ògì pẹ̀lú àkàrà díẹ̀ tàbí kí wọ́n jẹ búrẹ́dì kí wọ́n tó kúrò nílé, kí wọ́n gun àwọn ẹ̀rọ tó le kí ọ̀sán tó pọ́n, kí wọ́n wá jẹ oúnjẹ gidi nígbà tí oòrùn bá ga jù, kí wọ́n sì sinmi fún bíi wákàtí kan kí wọ́n tó padà sí eré tó rọ̀. Ilé oúnjẹ tí kò bá ní ibòji tàbí afẹ́fẹ́ ní aago kan ọ̀sán kò wúlò fún irú ètò bẹ́ẹ̀, bí oúnjẹ rẹ̀ ti wù kó dùn tó.

Kí ẹnikẹ́ni tó di kúlà oúnjẹ sẹ́yìn ọkọ̀, kí ó kọ́kọ́ pe ọgbà náà. Ọ̀pọ̀ ọgbà kì í gba oúnjẹ láti ìta wọlé, nítorí pé ara owó oúnjẹ ni wọ́n ti ń rí èrè. Àwọn mìíràn ń gbà á bí ẹbí bá san owó díẹ̀ sí i. Oúnjẹ ọmọ ọwọ́ àti oògùn jẹ́ ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè nípa rẹ̀ ní pàtó, kí òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà má baà gba fúláàsì ògì lọ́wọ́ abiyamọ. Níbi tí igi pọ̀ sí bíi Àgódi, tí àwọn ẹbí ti máa ń tẹ́ ẹní sábẹ́ ibòji, oúnjẹ tí wọ́n rà gbé dání láti ilé oúnjẹ tó dára nínú ìlú lè sàn ju èyí tó wà nítòsí lọ.

Bí ènìyàn ṣe ń dá ilé oúnjẹ tuntun mọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wúwo jù, nítorí pé ilé tuntun kò ní ìtàn tí a lè béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ṣì ń dán, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń dín owó kù láti fa èrò mọ́ra. Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n àléébù kan wà nínú ilé tuntun tí ojú kì í tètè rí: bí oníbàárà kò bá tíì pọ̀, oúnjẹ tí wọ́n sè ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ lè wà lórí káńtà títí di aago mẹ́ta. Kí àgbàlagbà kan súnmọ́ gíláàsì káńtà, kí ó wo ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó wà nínú àwo irin. Bí ooru bá ń rú jáde nígbà tí wọ́n bá fi ṣíbí kó o láti ìsàlẹ̀, ó ṣì gbóná dénú. Bí etí rẹ̀ bá ti gbẹ, tó ti di èépá mọ́ ara àwo, tí àárín rẹ̀ sì dákẹ́ láìrú, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Omi gbígbóná tó wà lábẹ́ àwo náà ni ó ń mú oúnjẹ gbóná, nítorí náà ẹ̀rọ tí omi rẹ̀ ti tán, tàbí tí ó kú nígbà tí iná lọ tí wọn kò sì tíì tan jẹnẹrétọ̀, kò ṣe iṣẹ́ kankan mọ́ yàtọ̀ sí pé ó ń gbé àwo ró.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì kò fara sin. Nínú ìlànà márùn-ún fún oúnjẹ aláìléwu tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2001, wọ́n ní kí oúnjẹ tí a ti sè wà ní ìwọ̀n ooru tó ju 60°C lọ títí a ó fi jẹ ẹ́, kí ó má sì jókòó ju wákàtí méjì lọ nínú afẹ́fẹ́ lásán, nítorí pé láàárín 5°C àti 60°C ni àwọn kòkòrò àìfojúrí, ìyẹn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń fa àìsàn, ti máa ń pọ̀ sí i kíákíá. Ọ̀kan nínú wọn, Bacillus cereus, fẹ́ràn ìrẹsì gan-an, èso rẹ̀ kì í sì í kú tán nínú sísè, ó kàn ń dúró de ìgbà tí ìrẹsì bá lọ́ wọ́ọ́wọ́. Àjọ kan náà sọ ní 2015 pé nínú àwọn 420,000 ènìyàn tí oúnjẹ tó ní àrùn ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún, nǹkan bí 125,000 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìbafò jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ rí.

Lẹ́yìn káńtà, kí wọ́n wo ibi ìfọwọ́: ṣé omi ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ṣé ọṣẹ wà, ṣé ọmọ ọdún márùn-ún lè nawọ́ kàn án? Ẹni tó ń fi ọwọ́ jẹ òkèlè nílò rẹ̀ ju ẹni tó ń fi fọ́ọ̀kì jẹun lọ. Kí wọ́n wo bóyá òṣìṣẹ́ tó ń gba owó ni ó tún ń mú ẹran pẹ̀lú ọwọ́ kan náà. Kí wọ́n béèrè ní gbangba bóyá ìrẹsì kan wà tí kò ní ata, nítorí pé ohun tí alásè ní Ìsọlọ̀ ń pè ní ata díẹ̀ lè mú kí ọmọ ọdún méjì sunkún fún ìdajì wákàtí. Bí ọmọ kan bá wà tí ẹ̀pà, ẹyin tàbí edé ń wú u lára, kí wọ́n béèrè irú òróró tí wọ́n fi dín ẹran. Òṣìṣẹ́ tó bá wọlé lọ béèrè lọ́wọ́ alásè sàn ju èyí tó dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé kò sí wàhálà. Ẹbí Mùsùlùmí yóò fẹ́ mọ ibi tí ẹran ti wá àti ibi tí wọ́n ti lè kírun, ilé tó bá sì ti ronú sí i kì í lọ́ra láti dáhùn. Ní ti orin, ariwo tí ìyá àgbà kò lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ti lé e jáde kí ó tó jókòó.

Ibi tó yẹ kí wọ́n ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí ni òpópónà tó wà nítòsí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ lásán. Ní Ìsọlọ̀ àti ní Ago Palace Way ní Òkòtà, ilé oúnjẹ kì í wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹ̀ka àwọn tó ní ilé káàkiri Èkó, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tí ọmọ fẹ́ tí kò sì dà á láàmú ní Òkòtà ni yóò lè tún béèrè ní Ìkẹjà tàbí lójú ọ̀nà Ìbàdàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ́tótó ẹ̀ka kan kì í ṣe ẹ̀rí fún òmíràn. Ọjọ́ ìgbafẹ́ kì í ṣe ọjọ́ ìdánwò. Bí ó bá di dandan kí wọ́n jẹun ní ilé tí wọn kò rí rí, kí wọ́n ra ohun tí wọ́n ń dín tàbí tí wọ́n ń sun lójú oníbàárà, kí wọ́n fi sàláàdì àti ohunkóhun tí wọ́n fi máyónéèsì pò sílẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní òkè òkun, àti àwọn tó ń bẹ̀ wọ́n wò, ń rí bí àwọn mìíràn ṣe to ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọgbà ìgbafẹ́. Ọgbà ìgbafẹ́ Disneyland ṣí ní Kalifọ́níà ní 1955, Walt Disney World sì ṣí ní Flọ́rídà ní 1971, gbogbo èrò inú wọn sì ni pé oúnjẹ jẹ́ ara eré náà. Níbẹ̀, ẹbí lè gbé oúnjẹ tiwọn wọ inú ọgbà bí kò bá ti ní ìgò tàbí ọtí nínú. Ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń jókòó sí tábìlì ṣeé gba àyè sílẹ̀ ní ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú. Níbi tí oníbàárà ti ń bu oúnjẹ fúnra rẹ̀, owó ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́sàn-án kéré sí ti àgbà, ọmọ tí kò tíì pé mẹ́ta kì í sì í sanwó. Ní 2001 ni wọ́n ṣí ilé ìtura kan tí wọ́n fi ìṣe ilẹ̀ Áfíríkà kọ́, Animal Kingdom Lodge, tí ilé oúnjẹ Boma àti Jiko wà nínú rẹ̀, ibi tí ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Amẹ́ríkà lè mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ kí wọ́n rí i pé oúnjẹ Áfíríkà náà ní àyè níbi ìgbádùn. Nínú gbogbo èyí, iye owó tó bá ọjọ́ orí ọmọ mu ni ó yẹ kí àwọn ọgbà wa tètè mú lò, nítorí pé kò bójú mu kí òbí san owó àwo àgbà fún ọmọ tí yóò jẹ ṣíbí mẹ́rin péré.

Owó ni ó kù. Òfin kan tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2009 fi owó-orí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sórí oúnjẹ tí wọ́n ń tà ní ilé oúnjẹ àti ilé ìtura. Owó-orí ọjà ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń pè ní VAT, sì di ìdá 7.5 ní 2020. Níbi tí wọ́n bá ti ń gba méjèèjì lé orí iye tó wà lójú pátákó, oúnjẹ ₦10,000 yóò di ₦11,250, owó ìgbé-oúnjẹ-lọ bíi ike àti báàgì kò sì sí nínú rẹ̀. Fún ènìyàn mẹ́jọ, ìyàtọ̀ yẹn lè jẹ́ owó ọkọ̀ láti Òṣòdì dé Òkè-Àfá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì náà lè já ọwọ́ ẹni sílẹ̀ ní ọjọ́ tí èrò pọ̀, nítorí náà kí owó díẹ̀ wà lọ́wọ́, kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé POS àti tránsífà nìkan.

Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2019, sọ pé kí ọlọ́jà fi iye owó ọjà hàn, kò sì gbọdọ̀ fi dandan gba ohun tó ju iye tó fi hàn lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń rà. Kí ẹ̀yin onílé oúnjẹ tuntun ní Ìsọlọ̀, ní Òkòtà àti lẹ́nu ọ̀nà àwọn ọgbà ìgbafẹ́ kọ iye náà tòun ti owó-orí sójú pátákó, kí ẹ kọ àwo ọmọdé àti oúnjẹ aláìláta sí abẹ́ rẹ̀. Kí ẹ̀yin òbí sì gba rìsíìtì kí ẹ tó kúrò níwájú káńtà.